Aṣọ Ìpọnmọ Tó Di Ìgbòkun

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn kò mọ̀ mí rárá. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, àkísà ni gbogbo ohun tí mo ní láyé, bí ọba bá sì bọ́ agbádá ọrùn rẹ̀ fún mi pé ká ṣe pàṣípààrọ̀, mi ò ní dá a lóhùn.

Ìdajì ìró àdìrẹ ni àkísà náà. Òun ni ìyá mi fi pọ̀n mí láti ìgbà tí mo ti lè gbé orí dúró títí di ìgbà tí wọ́n já mi lẹ́nu ọmú. Nígbà tí wọ́n bí àbúrò mi, ìyá mi yọ àdìrẹ mìíràn nínú àpótí, ó fi gbé ọmọ tuntun sẹ́yìn, èmi sì gbé aṣọ tèmi. Kò sẹ́ni tó fún mi. Mo kàn mú un ni. Mo rò ó lọ́kàn ara mi pé bí wọ́n bá gba ẹ̀yìn lọ́wọ́ mi, wọn ò lè gba aṣọ mọ́ ọn. Aró rẹ̀ ti ṣá. Igun kan wà lára rẹ̀ tí mo máa ń fi sẹ́nu, mo ti jẹ ẹ́ títí ó fi ń tú ní fọ́nrán fọ́nrán. Ó ń rùn èéfín ẹja, ó ń rùn àdí, ó ń rùn itọ́ èmi fúnra mi, gbogbo rẹ̀ sì parapọ̀ di òórùn ẹ̀yìn ìyá mi. Bí mo bá ti gbé e símú báyìí, oorun ti dé nìyẹn.

Ilé wa wà létí ọ̀sà, níbi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé Ajah kí oòrùn tó le. Ẹni tó bá ń wa mọ́tò kọjá níbẹ̀ lónìí, tó ń wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti géètì onírin lọ́tùn-ún lósì, yóò ní irọ́ ni mò ń pa bí mo bá sọ pé yanrìn, igi àgbọn àti ahéré àwọn apẹja nìkan la fi ń ṣèran wò nígbà náà. Òmìnira kò tíì pẹ́ tí a gbà á. Kò sí títì ọ̀dà. Ẹni tó bá fẹ́ dé Èkó, ojú omi ni yóò gbà lọ.

Bàbá mi ló ni ọkọ̀ tó ń kó àgbọn, igi ìdáná àti ẹja yíyan àwọn obìnrin èbúté wa lọ sí Èkó. Òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n jọ ń tù ú. Níbi tí omi kò bá jìn, ọ̀pá ni wọ́n fi ń ti ọkọ̀. Bí wọ́n bá bọ́ sí ibú, wọn a ta ìgbòkun, ìyẹn aṣọ ńlá tí wọ́n fi òpó gbé ró láàárín ọkọ̀, wọn a wá jókòó kí afẹ́fẹ́ máa gbé wọn lọ. Àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n tú, tí wọ́n sì rán pọ̀, ni ìgbòkun bàbá mi. Gbogbo ìgbà ló ń ya. Àṣà kan sì wà ní èbúté wa, pé a kì í fi aṣọ lásán lẹ ìgbòkun. Aṣọ tí obìnrin ti fi pọnmọ ni ìyàwó ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ mú sílẹ̀. Wọ́n ní aṣọ tó bá ti gbé ọmọ tí kò já a sílẹ̀, kò ní já ọlọ́kọ̀ sílẹ̀ lójú agbami. Bóyá òótọ́ ni o, bóyá àwọn ọkùnrin kàn ò fẹ́ ra aṣọ tuntun ni o, èmi ò mọ̀.

Nínú ilé, ọ̀tá kan ṣoṣo ni aṣọ mi ní. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tó sì ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ìyá ni gbogbo wa ń pè é. Obìnrin yìí lè fi ojú nìkan pa iná ààrò. Bó bá ti rí igun aṣọ lẹ́nu mi, yóò pòṣé.

“Ìyàwó,” bẹ́ẹ̀ ló ń pe ìyá mi, “ṣé àkísà yìí lọmọ ẹ máa gbé relé ọkọ ni? Wọ́n máa tó mú un lọ ilé kéú. Ṣé Alfa ló máa wá bá a di igun ẹ̀ mú?”

“Ẹ má bínú, Ìyá,” ìyá mi á dáhùn. “Ó máa fi sílẹ̀ tó bá yá.”

“Tó bá yá, tó bá yá. Ìgbà wo ló máa yá?”

Fífọ aṣọ náà, ogun ni. Ìyá mi kò lè fọ̀ ọ́ lójú mi. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ó rọra yọ ọ́ lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kí n tó jí, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó sá a sórí okùn lẹ́yìn ilé. Àdìrẹ kan ti wà lórí okùn náà tẹ́lẹ̀. Òun ni èyí tó kọ́kọ́ fi pọn àbúrò mi, tó sì ti ṣèlérí fún bàbá mi pé kó fi lẹ ìgbòkun, nítorí ìgbòkun tún ti ya, wọ́n sì gbọ́dọ̀ lọ sí Èkó lọ́jọ́ náà kí ẹja àwọn obìnrin má bàa bàjẹ́. “Àdìrẹ tó wà lórí okùn ni kẹ́ ẹ mú,” ó ti wí fún un. Ó wá pọn àbúrò mi, ó gbé agbọ̀n ẹja, ó lọ sétí omi.

Bàbá mi dé ẹ̀yìn ilé, ó bá àdìrẹ méjì. Ọ̀kan ṣì dára, èkejì ti gbó. Ta ni yóò gbà pé èyí tó dára ni ìyàwó òun ní kí òun fi lẹ ìgbòkun? Bàbá mi kì í ṣe àpà. Ó mú èyí tó gbó. Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó fi abẹ́rẹ́ gígùn àti okùn àwọ̀n rán an mọ́ ojú ibi tó ya. Àwọn obìnrin ń di ẹja, ìyá mi wà láàárín wọn, kò sẹ́ni tó wo ìdí ọkùnrin tó ń ránṣọ.

Mo jí, mo na ọwọ́, ẹní ni mo bá.

Mi ò kọ́kọ́ kígbe. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo rí àdìrẹ kan lórí okùn, mo fi imú kàn án, kì í ṣe òun. Mo wo inú agbọ̀n, mo wo ẹ̀yìn ìkòkò omi. Ìyá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà.

“Kí lò ń wá kiri bí adìyẹ tó fẹ́ yé?”

“Aṣọ mi.”

“Mi ò rí i o. Alihamudulilai.”

Mo sáré lọ sí èbúté.

Ọkọ̀ bàbá mi ti kúrò létí omi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ síbi tó jìn, àbúrò bàbá mi ń fa okùn, ìgbòkun ń gòkè lára òpó. Ó ṣí, afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, mo sì rí aṣọ mi láàárín gbogbo àpò funfun yẹn. Mi ò lè ṣì í mọ̀. Ó dà bíi pé òun nìkan ló wà lójú omi. Ó ń lọ sí Èkó, èmi sì dúró lórí yanrìn.

Mo wọ omi. Ó dé orúnkún mi, ó dé àyà mi, mo ń pe bàbá mi pé kó dá aṣọ mi padà. Ìgbòkun ń lù pàpàpà, wọn ò gbọ́. Omi wọ ẹnu mi, mo gbé e mì, mo tún pè. Ẹsẹ̀ mi kò kanlẹ̀ mọ́ nígbà tí ìyá mi fi ọwọ́ gbá mi mú lẹ́yìn ọrùn, tó wọ́ mi padà sórí yanrìn, àbúrò mi ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti gbé ọwọ́ sókè láti gbá mi létí. Ó tẹ̀ lé ojú mi, ó wo ojú omi, ó rí ohun tí mo rí.

“Yéè,” ó ní. “Aṣọ ọmọ mi ló mú.”

Ó rẹ ọwọ́ náà sílẹ̀ láì gbá mi.

Nígbà tí Ìyá gbọ́, ó ní Ọlọ́run ló yọ wá, pé kí ẹnikẹ́ni má dá sí i, kí wọ́n fi mí sílẹ̀, ebi á kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ebi kì í kọ́ mi ní nǹkan kan. Mi ò jẹ ẹ̀kọ, mi ò jẹ ẹ̀wà. Ìyá mi mú àdìrẹ kejì wá, èyí tó dára, ó fi bò mí, mo jù ú nù. Ó tú gèlè orí rẹ̀ fún mi. Mo gbóòórùn rẹ̀, ó fẹ́ẹ́ jọ ọ́, fífẹ́ẹ́ jọ náà ló tún mú mi bínú jù. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ara mi ti gbóná. Mi ò sùn, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn nínú ilé náà.

Ọjọ́ kejì ni bàbá mi máa ń dé. Láti òwúrọ̀ ni mo ti lọ jókòó sí èbúté. Àwọn obìnrin tó ń kọjá ń ṣàánú mi. Wọ́n ní, “Ẹ wo bí ọmọ yìí ṣe fẹ́ràn bàbá ẹ̀.” Aṣọ mi ni mò ń retí. Bàbá mi kàn ni ẹni tó máa gbé e wá.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ojú ọ̀run lápá ìlà-oòrùn dúdú. Àsìkò tí òjò ń bẹ̀rẹ̀ ni, tí ìjì máa ń ṣáájú rẹ̀, gbogbo ará èbúté ló sì mọ ohun tí dúdú yẹn túmọ̀ sí. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹja wọlé. Ìyá mi kò kó tirẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Afẹ́fẹ́ ṣubú, omi dákẹ́ lọ rọ́rọ́, lójijì ni ìjì dé tó ń fa orí igi àgbọn tu. Òjò kò jẹ́ kí a rí nǹkan kan mọ́. Wọ́n fà wá wọ abẹ́ ahéré.

Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, ọkọ̀ mìíràn láti èbúté wa wọlé, omi ti kún un dé ìdajì. Ọkùnrin tó wà nínú rẹ̀ kò kí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sílẹ̀.

“Ṣé ẹ rí wọn?” ìyá mi bi í.

“Mo rí wọn lápá Ìlàsàn, lójú ọ̀nà Èkó,” ó ní. “Ìgbòkun wọn ti ya, ó ń fà wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òjò wá bò wá. Mi ò rí wọn mọ́.”

Ìyá yọ tẹ̀sùbáà rẹ̀ jáde, ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde. Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo ní, “Ṣé aṣọ mi náà ya?” Mo ń retí kí Ìyá gbá mi lórí. Kò ṣe é. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́, ó sì tún yíjú sí omi. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju ìgbátí lọ. Mi ò rí Ìyá kó gbójú fo ọ̀rọ̀ aṣọ mi rí.

Ìyá mi wọlé. Mo tẹ̀ lé e, torí mi ò fẹ́ dá dúró lọ́dọ̀ àwọn tó dákẹ́ yẹn. Dàńṣíkí bàbá mi kan wà lórí ìṣó lára ògiri, èyí tó bọ́ sílẹ̀ nígbà tó ń lọ. Ìyá mi yọ ọ́. Mo rò pé ó fẹ́ ká a ni. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé e sí ojú, ó fi imú sínú rẹ̀, ó sì di etí aṣọ náà mú láàárín ìka méjì, ó ń fọwọ́ ra á, ó ń ra á. Báyìí gan-an ni mo ṣe máa ń ṣe. Ìyá mi, tó ti bímọ, tó ń se oúnjẹ, tí ẹ̀rù kò bà láti wọ omi fà mí jáde. Ẹ̀rù wá bà mí gidi. Ó wá yé mi pé nǹkan tó ń lọ lójú omi yìí kì í ṣe ti aṣọ. Mo lọ jókòó tì í, mo di apá kejì dàńṣíkí náà mú. Kò lé mi. Báyẹn la ṣe sùn, bí oorun bá wà níbẹ̀.

Ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa kí a tó gbọ́ ariwo létí omi. Ọkọ̀ bàbá mi ń bọ̀ láti ọ̀ọ́kán, díẹ̀díẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eèsún níbi tí omi kò jìn. Àbúrò bàbá mi nìkan ló ń fi ọ̀pá tì í. Òpó dúró láàárín ọkọ̀ ní ìhòòhò. Bàbá mi jókòó sísàlẹ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì lé àyà, aṣọ mi sì wà ní ọwọ́ náà, wọ́n fi wé e. Ẹ̀jẹ̀ ti gba inú aró.

Inú mi dùn, ara mi sì bù máṣọ, lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò mọ èyí tí mo lè gbà gbọ́ nínú méjèèjì.

Kí ọkọ̀ tó kanlẹ̀ ni àbúrò bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ni tẹ́lẹ̀. Ìyá ló kọjú sí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi àbúrò yín o! Ẹ bi í léèrè ohun tó ń ṣe lójú ibú! Ìgbòkun ya, ó wọ omi, ó ń yí wa dànù. Mo ní ká gé e, ká jọ̀wọ́ ẹ̀. Mo gé okùn. Àfi bó ṣe na ara ẹ̀ sóde ọkọ̀, ó di ìgbòkun mú, ó ń fi ọ̀bẹ tú àkísà ọmọ ẹ̀ kúrò lára ẹ̀! Omi ń wọlé! Ó gé ara ẹ̀ lọ́wọ́, kò dúró. Mo ní ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ó ní rárá, ọmọ òun ń dúró de aṣọ ẹ̀.”

Ìgbà tí bàbá mi dé Èkó ló ti rí igun tí mo jẹ, tó ti mọ àṣìṣe rẹ̀, ó wá gbé ẹ̀bi náà rù bọ̀ láti Èkó. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá sọ́dọ̀ mi kó tó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tú aṣọ náà kúrò lọ́wọ́.

“Gbà,” ó ní. “Má bínú. Mi ò mọ̀ pé tìẹ ni.”

Àgbàlagbà ló ń sọ fún ọmọdé pé kó má bínú, níwájú gbogbo èbúté. Ìyá mi wo ọgbẹ́ tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìyá mi kì í gbé ohùn sókè sí ọkọ rẹ̀.

“Nítorí àkísà,” ó ní. Ó tún un wí, ohùn rẹ̀ ti ga: “Nítorí àkísà! Bí ẹ bá kú ńkọ́, Bàbá ọmọ mi? Ṣé àkísà yìí ni n óò wá fi tọ́ ọmọ méjì?” Ó wá bú sẹ́kún, ó sì ń lu bàbá mi láyà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ìyá lọ fà á mọ́ra. “Ó tó, Ìyàwó. Ó ti dé. Ó ti dé náà.”

Mo gbé aṣọ mi sí imú. Ẹrẹ̀ ló ń rùn, àti ẹ̀jẹ̀. Òórùn ẹ̀yìn ìyá mi ti lọ pátápátá. Síbẹ̀ mi ò jù ú nù, ta ló máa ju irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nù? Mo kàn ń gbé e kiri láì fi sẹ́nu.

Àwọn àgbà rò pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àbúrò bàbá mi, mo sì ti tú u sí bó ṣe yé mi. Ó ní bàbá mi kò jọ̀wọ́ aṣọ, nítorí ọmọ rẹ̀ ń dúró dè é. Ó dé. Nítorí náà, ohun tó mú bàbá mi dé ni pé aṣọ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ dá a padà. Bí kò bá sí aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Mi ò lè ronú kọjá ibẹ̀.

Ọgbẹ́ náà jiná. Wọ́n rán ìgbòkun tuntun, ìyá mi sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àdìrẹ kejì fún wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, mo ti wà ní èbúté láti àárọ̀. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ti ọkọ̀ kúrò létí omi, mo wọ omi dé orúnkún, mo na aṣọ mi sí bàbá mi.

“Kí ni kí n fi ṣe?” ó bi mí.

“Ẹ máa mú un bọ̀ fún mi.”

Ó wò mí pẹ́. Ó ti fẹ́ẹ́ rẹ́rìn-ín, ó dá a dúró. Ó gba aṣọ náà, ó so ó mọ́ òpó. Ìyá, tó ń wò wá láti òkè èbúté, ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ ti ju àkísà nù. Mi ò tú ọ̀rọ̀ náà fún un. Ká ní mo tú u, yóò ní mo ti ya wèrè pátápátá.

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín pé ó rọrùn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo di ẹní mú, mo di apá àbúrò mi mú, mo di eteetí ògiri mú. Gbogbo ara mi ń wá aṣọ. Mo ń sọ fún ara mi pé bí mo bá sunkún, bàbá mi kò ní dé. Mi ò sunkún. Ó dé lọ́jọ́ kejì, ohun tó sì kọ́kọ́ ṣe ni pé ó tú aṣọ kúrò lára òpó, ó fi lé mi lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ la bẹ̀rẹ̀. Bó bá ń lọ, mo gbé e fún un. Bó bá dé, ó dá a padà. Bí afẹ́fẹ́ bá le, mi ò ní jẹun, n óò máa wo ojú omi, ìyá mi náà á máa wò ó, àwa méjèèjì kì í bára wa sọ̀rọ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ ilé kéú. Mo ń kọ́ láti sùn láì ní nǹkan lọ́wọ́, mi ò sì mọ̀ pé mò ń kọ́ ọ, nítorí bàbá mi ni mo rò pé mò ń ṣọ́. Nígbà tó pẹ́, ó lè dá aṣọ náà padà kí n gbé e sórí okùn, kí n má tún wò ó títí wọn yóò fi tún fẹ́ lọ. Àmọ́ bí wọ́n bá ti ń fẹ́ lọ, mi ò jẹ́ gbàgbé. Ìyẹn kò ṣeé fi ṣeré.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lásìkò ọyẹ́, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi ń fo súwè lórí yanrìn. Ọkọ̀ wọlé. Mo fò tèmi tán kí n tó lọ pàdé wọn, torí pé èmi ni mò ń borí. Àbúrò bàbá mi ti ń já ẹrù sílẹ̀. Bàbá mi kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó sínú ọkọ̀, kò wo apá ọ̀dọ̀ mi.

“Ẹ káàbọ̀, Bàámi. Ṣé ẹ ra búrẹ́dì?”

Ìyá mi dé lẹ́yìn mi, ó wo òpó, ó wo bàbá mi, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ọwọ́ náà sì wúwo.

“Aṣọ rẹ bọ́ sómi,” bàbá mi ní. “Ó ti gbó jù, afẹ́fẹ́ ló já a. A yí ọkọ̀ padà, a wá a títí.” Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. “A ò rí i.”

Mo wo òpó. Lóòótọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo dúró kí ẹkún dé. Ìyá mi ń retí rẹ̀, bàbá mi ń retí rẹ̀, èmi náà ń retí rẹ̀. Kò dé. Ohun tó dé ni ọ̀rọ̀ kan tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi tì mí pé mi ò tètè rí i: aṣọ kò sí níbẹ̀, bàbá mi sì ti dé.

Inú rẹ̀ bàjẹ́. Mo rí i kedere, bí mo ṣe kéré tó. Ó jọ pé òun náà ti ń di aṣọ yẹn mú lójú omi ju bí mo ṣe ń dì í mú nílé lọ.

“Kí ni n óò wá máa mú bọ̀ fún ọ báyìí?” ó bi mí.

“Ẹ ṣáà máa bọ̀,” ni mo wí.

Àbúrò bàbá mi gbé garawa kẹrosíìnì kalẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Bàbá mi fi àtẹ́lẹwọ́ tó ní àpá yẹn nu ojú rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ló tó sọ̀ kalẹ̀.